Ẹsẹ̀ Díẹ̀, Yàrá Púpọ̀: Bí A Ṣe Ń Pe Réjísítà Nínú Ṣíìpù tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Pọ̀

1. Ìfáárà

Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí mi lórí ohùn nínú ẹ̀ka-èdè Kétu, mo pàdánù ọ̀rọ̀ kan tí mo gbà sílẹ̀. Ìyá àgbà kan ni ó ki oríkì ilé ọkọ rẹ̀ fún mi fún bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Àpótí kékeré tí mo fi ń gba ohùn fi í pamọ́ sórí káàdì gẹ́gẹ́ bí fáìlì 17. Nígbà tí mo padà délé, tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, ohùn ọmọdékùnrin kan tí ó ń ka orúkọ ẹranko ni mo bá nínú fáìlì náà. Mo padà sọ́dọ̀ ìyá. Wọ́n tún oríkì náà kì fún mi, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ oríkì rí mọ̀ pé a kì í kì í bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Káàdì ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo tó rí i pé èmi fúnra mi ni mo ṣe àṣìṣe, nínú ètò tí mo fọwọ́ ara mi kọ fún àpótí náà. Àṣìṣe yìí wá láti inú ọ̀nà tí a ń gbà pe réjísítà nínú ṣíìpù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀nà náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé nínú iṣẹ́ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ ṣíìpù kò bá pọ̀, orúkọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá a sọ a máa gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nítorí náà, ṣíìpù gbọ́dọ̀ rántí ẹni tí a dárúkọ gbẹ̀yìn. Ìrántí yìí ni ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ díẹ̀ tó, òun náà sì ni ó fa ìpàdánù mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fún ìdí méjì: púpọ̀ nínú wa ti ń to ẹ̀rọ kéékèèké pọ̀ fún iṣẹ́ oko ìwádìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣòro náà jọ ohun kan tí a ti mọ̀ dáadáa nínú gírámà.

2. Kí ni réjísítà?

Ọ̀rọ̀ náà, registre, tí a kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ Faransé lè ṣì wá lọ́nà. Nínú ìmọ̀ tiwa, ó lè túmọ̀ sí irú èdè tí ó bá ipò kan mu, tàbí ìpele tí ohùn wà. Nínú ẹ̀rọ, kò jẹ mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Réjísítà jẹ́ àyè kékeré nínú ṣíìpù (èyí tí àwọn atúnrédíòṣe ń pè ní áísì) tí ó lè pa nọ́ńbà kan mọ́. Nínú àwọn ṣíìpù tí mo máa mẹ́nu bà, bíìtì 8, tí í ṣe báìtì kan, ni réjísítà sábà máa ń gbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀kan ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, òmíràn ń pinnu bóyá iná yóò máa tàn tí yóò sì máa kú. Láti pàṣẹ fún ṣíìpù, a ó kọ nọ́ńbà sínú réjísítà rẹ̀. Láti bi í ní ìbéèrè, a ó ka nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀. Kí a tó ṣe èyíkéyìí, a ní láti sọ réjísítà tí a ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a fi agbo ilé ṣe àpẹẹrẹ. Yàrá 64 wà nínú rẹ̀, báìtì kan sì ń gbé inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí a ya wáyà kan sọ́tọ̀ fún ohun kọ̀ọ̀kan. Wáyà 6, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 0 tàbí 1, yóò fún wa ní orúkọ 64. Wáyà 8 yóò gbé báìtì náà. Wáyà kan yóò sọ fún ṣíìpù pé òun ni a ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀kan yóò ní kí ó gbọ́, ọ̀kan yóò ní kí ó dáhùn. Iná mànàmáná gba méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ 19, kí ṣíìpù náà tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an.

Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé orúkọ àti ọ̀rọ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣíìpù kò ní ohunkóhun láti rántí. Ṣùgbọ́n owó ni ẹsẹ̀. Ó ń jẹ irin, ó ń jẹ àyè lórí pátákó, ó ń fẹ́ kí a jó o mọ́ ibi tí ó dúró sí, ó sì jẹ́ ibi kan sí i tí nǹkan ti lè já. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ṣíìpù fi ń wá bí wọn yóò ṣe dín in kù.

3. Pípín orúkọ sí wẹ́wẹ́

Ọ̀nà kan ni láti má ṣe pe orúkọ tán lẹ́ẹ̀kan. Ṣíìpù 4004 tí Intel gbé jáde ní 1971 ní ẹsẹ̀ 16 péré, wáyà 4 nínú wọn ni ó sì ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ gba bíìtì 12. Ó ń rán an jáde ní ìgbà mẹ́ta, bíìtì 4 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ tí ó jẹ́ bíìtì 8 a sì padà wá ní ìgbà méjì lójú ọ̀nà kan náà. Bí a bá fi ìgbà mẹ́ta tí ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà kún un, ìlù mẹ́jọ ni àṣẹ kúkúrú kan ń gbà.

Mostek lo irú ọgbọ́n yìí fún ṣíìpù ìrántí MK4096 ní 1973. Àyè 4096 ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó tún gba àdírẹ́sì oníbíìtì 12. Ẹsẹ̀ 22 ni àwọn mìíràn ń lò fún irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Mostek lo 16. Bíìtì 6 àkọ́kọ́ yóò wọlé láti sọ ìlà ìbú, bíìtì 6 yòókù yóò sì gba ẹsẹ̀ mẹ́fà kan náà wọlé láti sọ ìlà òró. Àmì méjì tí ó dá dúró ni ó ń sọ fún ṣíìpù bóyá ìbú ni ohun tí ó dé tàbí òró. Bí àwọn ṣíìpù ìrántí inú kọ̀ǹpútà wa ṣe ń ṣe títí di òní nìyí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó yí padà níhìn-ín. Nígbà tí òró bá dé, ìbú ti kọjá lọ lójú wáyà. Ṣíìpù ní láti ti pa á mọ́ sínú.

4. Dídárúkọ kí a tó sọ̀rọ̀

Ọ̀nà kejì ni kí orúkọ àti ọ̀rọ̀ jọ lo wáyà kan náà. Àpẹẹrẹ tí ó dùn mọ́ mi jù ni AY-3-8910, ṣíìpù olóhùn mẹ́ta tí General Instrument ṣe. Oric-1 àti Amstrad CPC 464, àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n tà nílẹ̀ Faransé ní àwọn ọdún 1980, lo àbúrò rẹ̀, AY-3-8912. Réjísítà 16 ni ó ní, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ̀ fún orúkọ wọn lọ́tọ̀. Wáyà 8 kan náà ni ó ń gbé orúkọ àti ọ̀rọ̀. Àmì méjì, BDIR àti BC1, ni ó ń sọ èyí tí ó jẹ́:

– BDIR 0, BC1 0: ẹ dákẹ́, kò sẹ́ni tí a ń bá wí;
– BDIR 1, BC1 1: ohun tí ń bọ̀ yìí jẹ́ orúkọ réjísítà;
– BDIR 1, BC1 0: ohun tí ń bọ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀, kọ ọ́ sínú ẹni tí a dárúkọ;
– BDIR 0, BC1 1: kí ẹni tí a dárúkọ dáhùn.

Ká ní a fẹ́ yí gíga ohùn àkọ́kọ́ padà. Nọ́ńbà oníbíìtì 12 ni ó ń pinnu rẹ̀: réjísítà 0 gba bíìtì 8 ìsàlẹ̀, réjísítà 1 gba 4 òkè. A ó dárúkọ 0, a ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. A ó dárúkọ 1, a ó kọ tirẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni, dípò méjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ réjísítà 0 nìkan ni a fẹ́ máa yí padà léraléra, a kò ní láti tún un dárúkọ. Orúkọ tí a pè gbẹ̀yìn ṣì wà lọ́kàn ṣíìpù. Ibi tí orúkọ yìí ń gbé ni mo máa pè ní atọ́ka.

MC146818 ti Motorola, ṣíìpù aago tí ó wà nínú PC/AT tí IBM gbé jáde ní 1984, ń ṣe irú èyí pẹ̀lú ẹsẹ̀ 24. Àyè 64 ni ó ní, ṣùgbọ́n ojúlé méjì péré ni ètò kọ̀ǹpútà ń rí: 70 àti 71, ní ìkà onímẹ́rìndínlógún. A ó kọ nọ́ńbà yàrá sí ojúlé 70, a ó sì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tàbí kí a kọ ọ́, ní ojúlé 71.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Ṣíìpù 8250, tí IBM lò fún ìfiránṣẹ́ nínú PC ti 1981, ní wáyà mẹ́ta fún orúkọ, èyí tí ó fún un ní orúkọ mẹ́jọ. Réjísítà rẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, orúkọ 0 ní ìtumọ̀ mẹ́ta. Bí a bá kà á, lẹ́tà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Bí a bá kọ ọ́, lẹ́tà tí ń lọ ni. Bí bíìtì 7 nínú réjísítà 3 bá sì jẹ́ 1, apá kan nọ́ńbà tí ń pinnu bí ìfiránṣẹ́ ṣe yára tó ni. Àyíká ọ̀rọ̀ ni ó ń yan ìtumọ̀, bí ó ti ń ṣe fún ọ̀rọ̀ onítumọ̀ púpọ̀ nínú èdè.

5. Wáyà méjì péré

Philips gbé ìlànà I²C jáde ní 1982. Wáyà méjì ni: ọ̀kan, SCL, ń lu ìlù kí gbogbo ẹni tí ń bẹ níbẹ̀ lè rìn pọ̀; èkejì, SDA, ń gbé bíìtì kan lórí ìlù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ṣíìpù lè jọ wà lórí wáyà méjì yìí, nítorí pé ṣíìpù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ oníbíìtì 7. Orúkọ 128 ni ó ṣeé ṣe. A ti ya 16 sọ́tọ̀, ó ku 112. Lẹ́yìn báìtì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó gbà á yóò fi bíìtì kan dáhùn pé òun gbọ́.

Ṣíìpù aago tí ó wà nínú àpótí mi ni DS1307. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju 8 lọ: méjì fún kírísítà tí ń ka àsìkò, ọ̀kan fún bátìrì, méjì fún iná, ọ̀kan tí ó lè máa tan iná kékeré kan, àti méjì fún ọ̀rọ̀ sísọ. Síbẹ̀, àyè 64 ni ó wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti agbo ilé wa. Láti 0 dé 6 ni àsìkò wà, láti ìṣẹ́jú-àáyá títí dé ọdún. Réjísítà 7 ni ó ń darí iná kékeré náà. Láti 8 dé 63 jẹ́ àyè òfìfo 56 tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lè lò bí ó ṣe fẹ́, bátìrì kò sì ní í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé nígbà tí iná bá lọ.

Báyìí ni pùrósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ, ṣe ń béèrè àsìkò lọ́wọ́ rẹ̀:

(i) ó fún un ní àmì ìbẹ̀rẹ̀, ó pe orúkọ ṣíìpù, 1101000, ó sì fi 0 kún un: «mo fẹ́ kọ»;
(ii) ó rán báìtì 0: «yàrá 0 ni mo ń bá wí»; atọ́ka lọ sí 0;
(iii) ó tún fún un ní àmì ìbẹ̀rẹ̀, ó tún pe 1101000, ó fi 1 kún un: «mo fẹ́ kà»;
(iv) ṣíìpù rán báìtì 7 jáde léraléra. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, atọ́ka ń sún síwájú fúnra rẹ̀.

Báìtì 10 ni gbogbo rẹ̀, ìlù 9 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ 90. Bí ìlù bá jẹ́ 100 000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, a ó parí rẹ̀ kí ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Àsìkò ni a fi san gbèsè ẹsẹ̀ tí a kò ní, owó náà kò sì pọ̀ fún aago.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun méjì sọ́kàn. Kò sí ohun tí ó pọn dandan kí ìgbésẹ̀ (ii) àti (iii) tẹ̀ lé ara wọn lójú ẹsẹ̀. Bí a bá dárúkọ yàrá tí a sì dúró, atọ́ka yóò dúró síbẹ̀. Èkejì, lẹ́yìn tí a bá ti ka báìtì 7 láti yàrá 0, yàrá 7 ni atọ́ka yóò wà.

6. Àlàbá àti Ṣàbí

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Àlàbá wọlé. Ó jókòó. Ó mu omi.

A dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni arọ́pò-orúkọ ń gbé iṣẹ́ lọ. «Ó» kò sọ ọkùnrin tàbí obìnrin, kò sì sọ ilé tí ẹni náà ti wá. Ohun tí a ti sọ ṣáájú ni ó ń fún un ní ìtumọ̀. Ká wá ní bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹnì kan já lu ọ̀rọ̀ mi:

(2) — Àlàbá wọlé… — Ṣàbí ti dé o! — … Ó jókòó.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà lè rò pé Ṣàbí ni ó jókòó. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ kò yí ohunkóhun padà nínú gbólóhùn mi. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí ó wà lọ́kàn olùgbọ́. Atọ́ka inú ṣíìpù ni ẹni tí ó wà lọ́kàn yìí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Mo ń pa nọ́ńbà fáìlì tí mo gbà gbẹ̀yìn mọ́ sí yàrá 8, nítorí bátìrì. Ní ọjọ́ yẹn, mo ti dé fáìlì 41. Láti mọ nọ́ńbà tí ó kàn, ètò mi dárúkọ yàrá 8, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ó tó béèrè ohun tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi iṣẹ́ mìíràn sínú ẹ̀rọ kan náà, tí ń já lu iṣẹ́ yòówù tí ó bá wà lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan láti ka àsìkò sójú àpótí. Ní ìgbà kan ṣoṣo yẹn, ó já lu ọ̀rọ̀ náà láàárín dídárúkọ àti bíbéèrè. Ó dárúkọ yàrá 0, ó ka báìtì 7, ó lọ. Nígbà tí ètò mi padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ó sì béèrè, yàrá 7 ni ó dá a lóhùn.

Kí ni ó wà nínú yàrá 7? Mo ti ní kí iná kékeré máa tàn lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a ṣe ń kọ àṣẹ yẹn ni 00010000, tí í ṣe 16. Ètò mi rò pé fáìlì 16 ni mo gbà gbẹ̀yìn. Ó fi 1 kún un, ó ṣí fáìlì 17 láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gba ohùn ọmọdékùnrin náà lé oríkì ìyá lórí. Ohun tí ó ta mí lólobó nìyẹn: yàrá 8 tí ó yẹ kí ó ní 42 nínú ní 17. Ọmọ náà ni ó gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 18 àti 19 ì bá tẹ̀ lé e.

Àfiwé mi kò dé ibi gbogbo. Olùgbọ́ tí í ṣe ènìyàn lè béèrè pé «ta ni?» nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá yé e. Ṣíìpù kì í béèrè. Ìdáhùn tí ó fún mi jẹ́ nọ́ńbà tí ó pé, kò sí àmì àṣìṣe kankan lára rẹ̀. Èdè wa tún ní ohun tí ṣíìpù kò ní. Nínú «Àlàbá ní òun ń bọ̀», Àlàbá fúnra rẹ̀ ni ń bọ̀. Nínú «Àlàbá ní ó ń bọ̀», ẹlòmíràn ni. «Òun» ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tí ó sọ ọ́, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ wà nínú ìtàn. Nínú ṣíìpù, atọ́ka kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo ẹni tí ó bá wá, bí «ó» tí kò ní «òun».

7. Ohun tí a lè ṣe

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni kí a má ṣe mí láàárín orúkọ àti ìbéèrè. Nínú I²C, a lè tún fúnni ní àmì ìbẹ̀rẹ̀ láìfi àmì òpin sáàárín, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi hàn ní (iii). Bí pùrósẹ́sọ̀ mìíràn bá wà lórí wáyà kan náà, kò ní lè wọlé títí a ó fi parí.

Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó nígbà tí ẹni tí ń já lu ọ̀rọ̀ bá ń gbé inú pùrósẹ́sọ̀ kan náà, bíi tèmi. A ní láti ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ ajálù kí a tó dárúkọ, kí a sì ṣí i lẹ́yìn tí ìdáhùn bá ti dé. Bákan náà ni ti ojúlé 70 àti 71. Fún ìbéèrè nípa yàrá 8, ìlù 36 péré ni ìlẹ̀kùn náà fi máa wà ní títì.

Ẹnì kan lè ní kí iṣẹ́ ajálù dá atọ́ka padà síbi tí ó bá a. Nínú DS1307, kò sí ọ̀nà láti bi ṣíìpù pé ta ni a dárúkọ gbẹ̀yìn, nítorí náà ajálù kò lè mọ ibi tí yóò dá a padà sí.

Àtúnṣe ìkẹyìn kò kan ṣíìpù rárá. Kí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn má ṣe ṣí fáìlì tuntun láìkọ́kọ́ wò bóyá orúkọ náà ti wà lórí káàdì. Ìlà méjì ni mo fi kún ètò mi. Bí mo bá ti kọ wọ́n tẹ́lẹ̀, oríkì yẹn ì bá wà lọ́wọ́ mi.

8. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé dídín ẹsẹ̀ kù kò dín iṣẹ́ kù: ó ń gbé e láti ojú wáyà lọ sínú àsìkò àti ìrántí. 4004 àti MK4096 pín orúkọ sí wẹ́wẹ́. AY-3-8910 àti MC146818 dárúkọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. 8250 fi orúkọ kan fún ohun mẹ́ta. DS1307 fi wáyà méjì pe yàrá 64. Nínú gbogbo wọn, ìtumọ̀ ohun tí ó wà lójú wáyà nísinsìnyí wà lọ́wọ́ ohun tí ó ti kọjá lọ tàbí àmì tí ó bá a rìn.

Ní ti ọ̀rọ̀-ìperí, ẹsẹ̀, ojúlé, atọ́ka àti ajálù wà nínú èdè wa tẹ́lẹ̀, wọ́n sì bá iṣẹ́ tí mo fún wọn níhìn-ín mu. Mo fi réjísítà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, nítorí pé yàrá jẹ́ àpèjúwe lásán, kì í ṣe orúkọ. Inú mi yóò dùn bí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́, bá lè fi tó mi létí.

Oríkì kejì tí ìyá kì fún mi ti wà nínú iṣẹ́ mi báyìí. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kejì ni, mo sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹni tí yóò lò ó lẹ́yìn mi lè mọ̀.